Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn: ohun tí tẹ́nìsì orí tábìlì kọ́ mi nípa ipò olórí

Ní ọdún 1968, Olóyè Mọladé Okoya-Thomas gbé ife ẹ̀yẹ kan kalẹ̀ ní Èkó fún àwọn tó ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì. Oyè rẹ̀, Aṣojú Ọba Èkó, ni gbogbo ayé fi mọ ife náà. Ológun ṣèjọba, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n tún gbà á padà, wọ́n tún gbé e sílẹ̀. Náírà níyì, náírà wálẹ̀. Ife Aṣojú Ọba kò tìtorí èyíkéyìí nínú rẹ̀ parẹ́. Nígbà tí olóyè náà jáde láyé ní oṣù Kejì ọdún 2015, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fẹ́ràn eré yìí ló ń bẹ̀rù pé ó ti tán nìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbà á, wọ́n sì ń bá a lọ. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan wà ní pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Súrùlérè tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ife yẹn gan-an ni ilé tó kọ́.

Ọdún àkọ́kọ́ kì í nira. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè gbé ife kalẹ̀ lọ́la. Á tẹ orúkọ ara rẹ̀ sára aṣọ, á pe oníròyìn, á gba eléré, á ya fọ́tò. Mo ti rí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, pàápàá tí ìbò bá ń sún mọ́lé. Lọ́dún kejì, ẹ̀bùn á ti dín kù. Lọ́dún kẹta, tí o bá béèrè, wọ́n á ní onígbọ̀wọ́ rìnrìn àjò. Iṣẹ́ aṣáájú kò sí nínú ọdún àkọ́kọ́ yẹn rárá. Ọdún kẹwàá ló wà, nígbà tí ariwo ti rọlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ mọ́, ó sì wà ní ọdún tí ẹni tó dá nǹkan náà sílẹ̀ kò sí láyé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: olórí tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun pẹ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni kó máa kọ́ lójoojúmọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà lára òun. Ìdí tẹ́nìsì ni mo ti rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń lò ó.

Ṣómólú ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun dòní. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dákẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán tòru, pàápàá láti oṣù Kẹwàá lọ nígbà tí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà bá ti wọlé. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìró kejì tún wà: ìró ẹyin tẹ́nìsì, ìyẹn bọ́ọ̀lù rẹ̀, lórí pákó. Káfíńtà kan ló bá wa lu pákó pọ̀ ṣe tábìlì. Òjò ti jẹ́ kí igun rẹ̀ kan wú, ẹyin tó bá bọ́ síbẹ̀ kì í fò mọ́, àfi kó dùbúlẹ̀. A ò ní àwọ̀n. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan la fi ẹ̀gbẹ́ gbé lé àárín. Ẹni tí wọ́n bá nà á gbé báàtì sílẹ̀ fún ẹni tó kàn, ẹni tó nà án á sì dúró síbẹ̀ títí wọn á fi rí ẹni na òun náà.

Bùọ̀dá kan ló ń kọ́ wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á wá bá wa pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Kóòṣì la ń pè é, tọmọdé tàgbà. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Àwọn kan láàárín àwọn òbí wa tilẹ̀ rò pé ńṣe ló ń fi àwọn ọmọ wọn ṣòfò, títí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàdì ìdánwò lọ́wọ́ wa ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ṣe dáadáa nílé ìwé, kò ní lé e lọ, àmọ́ á fún un ní ẹnì kan nínú wa tí yóò máa bá a ka ìwé kí tẹ́nìsì tó bẹ̀rẹ̀. Látìgbà náà ni àwọn ìyá wa ti ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i.

Òfin rẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ràn nígbà náà. O ò gbọdọ̀ gbá tìrẹ àfi tí o bá kọ́kọ́ bá ẹni tó kéré sí ọ ṣe. Á gbé agolo mílíìkì tó ti ṣófo sí igun tábìlì lápá ibi tí kò wú, á ní kí ọmọ náà sáàfù, ìyẹn kó gbá ẹyin tó fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, kó lu agolo. Ìwọ á dúró ti ọmọ náà, wàá tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, wàá fi ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí hàn án. Tó bá di pé Kóòṣì ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, tí ọmọ náà kò sì rí agolo lù, kì í bá ọmọ náà wí. Ojú ìwọ tí o jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló máa ń wò. "Báwo lo ṣe kọ́ ọ tí kò fi mọ̀ ọ́n?" Ìbéèrè yẹn a máa dun ènìyàn ju pàṣán lọ. Bó o bá ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, o ò ní fi ọmọ náà sílẹ̀ mọ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kò sì mọ̀ nígbà náà ni pé bí a ṣe ń kọ́ wọn ni sáàfù tiwa náà ń dára sí i, nítorí kò sí bí o ṣe máa ṣàlàyé nǹkan fún ọmọdé tí nǹkan náà kò ní yé ìwọ fúnra rẹ.

Ọ̀rọ̀ àpótí náà tún wà. Inú àpótí kékeré kan tó ní àgádágodo ni báàtì àti ẹyin máa ń wà. Ẹyin tẹ́nìsì ṣọ̀wọ́n fún wa, kíkà la ń kà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sì sí pé ọ̀kan kéré jù. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé, kó gbálẹ̀, kó nu tábìlì, kó sì jíhìn iye ẹyin tó kù. Owó tí àwọn aládùúgbò bá fún wa, inú ìwé kan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọn a sì kà á sókè ní Sátidé létí gbogbo wa: lágbájá fún wa ní báyìí, a fi báyìí ra rọ́bà ojú báàtì, ó ku báyìí. Láyé mi, mo ti bá àwọn àjọ ńláńlá pàdé tí wọn ò lè ṣe ohun tí àwọn ọmọ Ṣómólú yẹn ń ṣe ní gbogbo Sátidé.

Bó bá sì di ọ̀rọ̀ balógun ikọ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹni tó mọ eré jù àti ẹni tó yẹ kó ṣáájú lè má jẹ́ ẹnì kan náà. Ọmọ ọlọ́wọ́ òsì kan wà láàárín wa tí kò sẹ́ni tó lè gba sáàfù rẹ̀. Gbogbo wa ló rò pé òun ni yóò ṣe balógun. Kóòṣì gbé e fún ẹlòmíràn, ọmọ kan tí ó máa ń gbẹ̀yìn nínú ìdíje, ṣùgbọ́n tó mọ ilé gbogbo wa. Tí ẹnì kan kò bá wá, òun ló máa mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ni kò yá, tàbí wọ́n gbé ọjà lé e lórí kó lọ kiri, tàbí bàbá rẹ̀ ló nà án. Á lọ bẹ ìyá ọlọ́jà, á bá ọmọ náà ta díẹ̀ nínú ọjà kí ó lè tètè ráàyè. Ọlọ́wọ́ òsì wa gba ife fún wa. Ọmọ yìí ló jẹ́ kí a pé lọ síbi ìdíje. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá fi sílẹ̀ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tó ṣòroó rí.

Tí a bá fìdí rẹmi níbi ìdíje, nínú dáńfó tó ń gbé wa bọ̀ ni ìpàdé máa ń wáyé. Kóòṣì kì í sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́" títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Á ní kí ẹni tí wọ́n nà ṣàlàyé sáàfù tí kò rí gbà: ibo ni ẹyin ti ń bọ̀, ibo ló yà sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbo nígbà náà? Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa pátá la máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba sáàfù yẹn, títí kan àwọn tí kò bá wa lọ. Ìyà tó jẹ ẹnì kan ti di ẹ̀kọ́ gbogbo wa, ẹni tí wọ́n nà á sì di olùkọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìtìjú kì í ráyè dúró.

Mi ò di ọ̀gá nínú tẹ́nìsì. Àmọ́ eré náà kò kúrò lọ́kàn mi, mo sì ti ń tẹ̀lé àwọn tó gbé e dé ibi gíga. Ẹ wo Ṣẹ́gun Toriola. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Barcelona lọ́dún 1992. Ní Rio lọ́dún 2016, ó ṣì wà níbẹ̀, ìgbà keje rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ọkùnrin Áfíríkà tó ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú. Fúnkẹ́ Oshonaike náà bẹ̀rẹ̀ ní Atlanta lọ́dún 1996, ó sì pé ìgbà keje ní Tokyo, òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa fi àwọn méjèèjì yangàn nítorí ọdún wọn. Èmi, ohun tí àwọn ọdún yẹn kó pọ̀ mọ́ra ni mo ń wò.

Nígbà tí Toriola bẹ̀rẹ̀, mìlímítà 38 ni fífẹ̀ ẹyin, ẹni tó bá kọ́kọ́ ní àmì 21 ló sì borí. Lẹ́yìn Òlíńpíìkì ọdún 2000, wọ́n sọ ẹyin di mìlímítà 40, eré sì rọra díẹ̀. Lọ́dún 2001, wọ́n sọ àmì 21 di 11, sáàfù márùn-ún-márùn-ún di méjì-méjì. Lọ́dún 2002, wọ́n fòfin dè é kí ènìyàn máa fi ara bo ẹyin nígbà tó bá ń sáàfù, bẹ́ẹ̀ ohun ìjà tó gbóná jù lọ lọ́wọ́ àwọn kan nìyẹn. Lọ́dún 2008, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń jẹ́ kí rọ́bà yára di èèwọ̀. Lọ́dún 2014, ẹyin oníke rọ́pò ti àtijọ́, ó sì ń fò lọ́nà mìíràn. Ẹni tó la gbogbo èyí kọjá, kì í ṣe eré kan ṣoṣo ló gbá. Ó tó bí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún tó ní láti gbàgbé ohun tó mọ̀, kó tún un kọ́. Ohun tí kò yí padà ni ẹsẹ̀ rírìn, mímí, ojú tó ń wo ọwọ́ ẹni tó wà lódìkejì, àti jíjí lówùúrọ̀.

Èyí tọ́ mi sọ́nà gan-an nídìí iṣẹ́ mi. Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣì ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord gbòde kan, kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e, ní báyìí ẹ̀rọ kan wà tí kò nílò pléètì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ya ohun tí a fẹ́ tẹ̀ sí, rárá. Mo ti rí ọ̀gá tó mọṣẹ́ ju gbogbo wa lọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, nítorí ó gbà pé iṣẹ́ ni lẹ́tà òjé. Lẹ́tà òjé kọ́ ni iṣẹ́. Iṣẹ́ ni kí ohun tí oníbàárà fẹ́ kà jáde láìní àṣìkọ, kí ó jáde lọ́jọ́ tí a dá fún un, kí ìǹkì rẹ̀ má ràn mọ́ ọwọ́. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ mi gbọ́dọ̀ dì mú nìyẹn, ìyókù á máa yí padà lójú wọn.

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ tẹ́nìsì wa tó dùn mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìgbà kan wà tí Nàìjíríà ni ọ̀gá Áfíríkà nínú eré yìí. Atanda Musa ṣe bẹbẹ ní àwọn ọdún 1980. Bọ́sẹ̀ Kaffo lọ sí Òlíńpíìkì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Quadri Aruna, ọmọ ìlú Ọ̀yọ́, na Timo Boll ará Jámánì ní Rio, ó sì wọ ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ kí Ma Long ará Ṣáínà tó dá a dúró. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ó wà lára àwọn mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n gbá jù láyé, kò sí ọmọ Áfíríkà tó dé ibẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn wọn. Àwọn ará Íjíbítì ti gba iwájú lọ́wọ́ wa, lápá obìnrin ló burú jù. Dina Meshref ń gba ife lọ, kó sì tó di pé ó rẹ̀ ẹ́, Hana Goda tí wọ́n bí lọ́dún 2007 ti ń na àwọn àgbà. Lápá ọkùnrin, Omar Assar ti wọ ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ ní Tokyo àti ní Paris.

Kì í ṣe ẹ̀bi Toriola tàbí Oshonaike pé wọ́n pẹ́. Ọlá ńlá ni. Ìbéèrè mi wà fún àwọn tó ń ṣètò eré náà: nígbà tí àwọn méjèèjì ń lọ fún ìgbà kẹrin, ìkarùn-ún, ọmọ ọdún méjìlá wo ló ń bá wọn gbé báàtì, tó ń wò bí wọ́n ṣe ń múra? Ta la ní kí wọ́n kọ́? Tí orúkọ kan náà bá wà lókè fún ogún ọdún, inú wa ń dùn, a sì gbàgbé láti bojú wẹ̀yìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá sinmi ni a tó máa ń mọ̀ pé ilé ti ṣófo.

Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Lọ́dún 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife African Cup Winners' Cup, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó ti gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Súrùlérè, Nàìjíríà na Àlùjéríà ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo láti gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Odegbami jẹ méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan. Ọmọ IICC ni àwọn méjèèjì. Ohun tí wọ́n kọ́ sí Ìbàdàn ló bọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ kan náà yìí ló tún gba ife CAF, ti àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, lọ́dún 1992. Lẹ́yìn náà, ó já bọ́ kúrò nínú líìgì gíga ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí ẹgbẹ́ bá ń wo ojú ìjọba kó tó jẹun, tí ìjọba tuntun sì ń kó alábòójútó tuntun dé, ta ni yóò ráyè gbìn ohun tó máa tó ọdún mẹ́wàá kó tó so?

Stephen Keshi náà wà lọ́kàn mi. Òun ni balógun nígbà tí a gba ife Áfíríkà lọ́dún 1994, òun tún ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí a gbà á lọ́dún 2013. Ohun tó ṣe lọ́dún yẹn wú mi lórí gidigidi. Ó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń gbá líìgì ilé mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti Yúróòpù. Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars ìlú Àkúrẹ́ dúró láàárín ẹ̀yìn. Sunday Mba, tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ló jẹ góòlù tó fún wa ní ife lọ́wọ́ Burkina Faso. Joseph Yobo tó jẹ́ balógun jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò bínú, ó ń gba àwọn ọmọdé níyànjú, Keshi sì mú un wọlé nígbà tó kù díẹ̀ kí àṣekágbá parí kó lè gbé ife náà sókè. Ọ̀wọ̀ fún àgbà, ààyè fún ọmọdé, nínú ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀ lọ́dún 2015, a ò sí níbi ìdíje náà, àwa tí ife wà lọ́wọ́ wa. Lọ́dún 2017 náà, a ò sí níbẹ̀. Ènìyàn dáadáa kan lè mú ife wá. Kí ife má bàa lọ, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, tí ẹnì kan kò ní máa gbé dá ṣe.

Àwọn obìnrin wa ló ń fún mi nírètí. Ní Rabat, ní oṣù Keje ọdún 2025, Mòrókò ti jẹ góòlù méjì sáwọ̀n Super Falcons. Àwọn ọmọbìnrin náà jẹ mẹ́ta padà, wọ́n gba ife Áfíríkà ti àwọn obìnrin fún ìgbà kẹwàá, Rasheedat Ajibade ni balógun wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Justine Madugu, igbákejì ló ti jẹ́ nínú ikọ̀ náà kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ó mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ òun náà. Ẹni tó ti wà nínú ilé ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

Nílé ìtẹ̀wé mi, òfin Kóòṣì la ń lò. Ọmọ iṣẹ́ tó ti lo ọdún kan ló ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ẹni tuntun bá sì ba bébà jẹ́, ẹni tó kọ́ ọ la máa ń bi. Bébà tó bàjẹ́ kì í lọ sínú ìdọ̀tí lójú ẹsẹ̀. A máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹni tó ṣe é á sì ṣàlàyé fún gbogbo ilé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n mọ iye tí bébà jẹ́, wọ́n mọ iye tí epo dísẹ́lì ẹ̀rọ amúnáwá ń jẹ lóṣù. Àwọn ọ̀gá mìíràn ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé tí wọ́n bá ṣe fírídọ̀ọ̀mù tán, wọ́n á lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òótọ́ ni, àwọn kan ti ṣí i. Iṣẹ́ tó bá pọ̀ ju agbára wa lọ, àwọn náà là ń gbé e fún, àwọn náà sì ń gbé tiwọn wá.

Ìgbà kan, ara ìyá mi kò yá, mo ní láti wà lọ́dọ̀ wọn ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú kan wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jáde lówùúrọ̀. Mọ̀lẹ́bí ti kà á, wọ́n ti buwọ́ lù ú, pléètì ti wà lórí ẹ̀rọ. Ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọbìnrin tó sábà máa ń dákẹ́, mú ìwé àkọ́kọ́ tó jáde, ó gbé e sábẹ́ iná. Ó rí i pé àìsùn wà ní Ọjọ́bọ̀, ìsìnkú wà lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n déètì kan náà ni wọ́n kọ sí méjèèjì. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Àwọn ọkùnrin tó jù ú lọ ní oníbàárà ti buwọ́ lù ú, kò kàn wá. Ó ní ó kàn wá. Òru náà ló pe àkọ́bí olóògbé, ó kí i kú ara fẹ́ra kù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó ka déètì náà sí i létí. Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní ti àìsùn ni kò tọ̀nà. Wọ́n ṣe pléètì mìíràn, iṣẹ́ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sẹ́ni tó pè mí. Ìgbà tí mo dé ni mo gbọ́, láti ẹnu mọ̀lẹ́bí tó wá dúpẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí gbà nídìí iṣẹ́ yìí, pé wọn ò pè mí lóru yẹn wà lára èyí tí mo fẹ́ràn jù.

Ọmọbìnrin yẹn ni alábòójútó ilé ìtẹ̀wé wa báyìí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, a ní owó díẹ̀ láti ra ẹ̀rọ. Èmi fẹ́ ẹ̀rọ ńlá, irú èyí tí mo mọ ìró rẹ̀ láti kékeré. Òun kó ìwé gbà-wọlé jọ, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì níwájú mi, ó fi hàn mí pé àwọn tó ń fẹ́ àádọ́ta ẹ̀dà tàbí ọgọ́rùn-ún ti pọ̀ ju àwọn tó ń fẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ, àti pé ẹ̀rọ kékeré tí kò nílò pléètì ni yóò bọ́ wa. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wò ó," ṣùgbọ́n kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. A jọ ka àwọn ìwé náà, mo sì buwọ́ lu tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì ló ti mọ̀ ọ́n lò, wọ́n ti ń kọ́ ẹlòmíràn. Lóṣù tó ń bọ̀, òun ni yóò lọ bá oníbàárà tó tóbi jù lọ́wọ́ wa sọ̀rọ̀ iye owó ọdún tuntun. Mi ò ní bá a lọ.